Dò, Re, Mí Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹnikẹ́ni tó bá ka ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ti pariwo "dò, re, mí" rí. Olùkọ́ á kọ "ìgbà" sójú pátákó, a ó ní "dò dò". Á kọ "igbá", a ó ní "re mí". "Igba" tó jẹ́ iye, re re. "Igbà" tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, re dò. Bí ẹnì kan bá ṣì í, ẹgba ń bọ̀ nìyẹn. Bí a ṣe kọ́ àmì ohùn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bèèrè nínú wa pé níbo gan-an ni dò, re, mí yìí ti wọ inú èdè wa.

Inú orin ló ti wá. Ní ìlú Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sarah Glover ló ṣètò bí ọmọdé ṣe lè ka orin láti inú lẹ́tà lásán. Ní nǹkan bí ọdún 1841, àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Curwen mú ètò náà, ó tún un ṣe, ó sì sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀ sí tónìkì sọ́fà (sọ́fà orin là ń sọ o, kì í ṣe àga pálọ̀). Lẹ́tà méje péré ni: d, r, m, f, s, l, t. Àmì kólọ̀ọ̀nù ló ń pín ìlù, dáàṣì ló ń fa ohùn gùn. Ẹni tó bá mọ̀wé kà díẹ̀ lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹgbẹ́ akọrin tí a ti dàgbà, ní agbègbè Òsì àti Ìlọ́fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, sọ́fà ni gbogbo wọn ń kà. Ọ̀gá akọrin á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó, sópúránò lókè, báàsì nísàlẹ̀, a ó sì dà á kọ sínú ìwé wa. Ìlà márùn-ún tí àwọn òyìnbó ń to nóòtì lé lórí, inú fíìmù la ti ń rí i. A rò nígbà náà pé àìmọ̀kan ló fà á, pé ìlú ńlá nìkan ló mọ orin kà. Ìgbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà kọ orin la tó mọ̀ pé ọ̀ràn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀ràn lẹ́tà ni, ọ̀ràn ohun tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀ àti ohun tí kò lè tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn díẹ̀.

Ní ọdún 1501, ní ìlú Venice, Ottaviano Petrucci tẹ ìwé orin kan tó ń jẹ́ Harmonice Musices Odhecaton. Òun ni ìwé orin olóhùn púpọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà òjé tẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Ìwé kan náà á wọ abẹ́ ẹ̀rọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé ìlà lọ́tọ̀, nóòtì lọ́tọ̀. Bí ìwé bá yẹ̀ díẹ̀ péré, nóòtì tó yẹ kó jókòó sórí ìlà á bọ́ sí àlàfo, orin á sì yí padà. Nígbà tó yá, àwọn oníṣẹ́ Yúróòpù kúkú pa lẹ́tà òjé tì fún orin, wọ́n ń gbẹ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sára àwo irin rírọ̀. Wọ́n á fi ọ̀bẹ fa ìlà, wọ́n á fi irin tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán nóòtì sí lẹ́nu lu nóòtì kọ̀ọ̀kan wọlé, ẹ̀yìn-sójú sì ni gbogbo rẹ̀, kó tó lè tọ́ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n, kí a má parọ́.

Ṣé ẹ wá rí i? Ibi tí kò bá ti sí irú oníṣẹ́ yẹn, kò sí ìwé orin onílà márùn-ún. Ṣùgbọ́n sọ́fà, ibikíbi tí wọ́n bá ti lè tẹ ìwé ìròyìn ni wọ́n ti lè tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tó fi bá àwọn míṣọ́nnárì rìn jìnnà bẹ́ẹ̀, tó dé Madagascar, tó dé Gúúsù Áfíríkà. Enoch Sontonga, tó ṣe "Nkosi Sikelel' iAfrika" ní 1897, sọ́fà ló fi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ní ti àwa Yorùbá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lọ́wọ́ àwọn CMS ti ní wàhálà tirẹ̀ kí ọ̀rọ̀ orin tó dé. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà lórí ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe máa fi lẹ́tà òyìnbó kọ èdè tó ní ẹ àti e, ọ àti o, ṣ àti s. Ìpàdé tí CMS ṣe ní Èkó ní 1875 ló fìdí púpọ̀ nínú ìpinnu náà múlẹ̀. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà yẹn dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ ní òjé tí wọ́n dìídì rọ fún un. Nígbà tí taipuráítà dé, ọ̀pọ̀ ló ń tẹ ọ̀rọ̀ tán kó tó fi bírò to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wo orúkọ Ìlọ́fà lára pátákó ojú ọ̀nà: "Iloffa", f méjì. Ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ ni, òun náà ló wà lára "Offa", ìjọba kò sì tíì yọ f kejì kúrò.

Ká tó dé orí kọ̀ǹpútà, a fẹ́ kí ẹ mọ irú orin tó wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kọ, nítorí pé òun ló fa gbogbo wàhálà wa.

Odò-Ọwá, ní Òkè-Ẹ̀rọ, ni wọ́n ti bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1904. Onísìn Áńgílíkà ni àwọn òbí rẹ̀. Awakọ̀ katakata ìtẹ̀nà ni lọ́dọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba amúnisìn nígbà tó gbọ́ ìpè ní 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Lẹ́yìn náà ló padà wálé wá wàásù pẹ̀lú agogo lọ́wọ́. Ìsọjí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní 1930 ló gbé orúkọ rẹ̀ káàkiri, ìjọ tó ti inú rẹ̀ jáde ni Christ Apostolic Church. Ìtàn yìí, ọ̀pọ̀ yín ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé orin ìsọjí yàtọ̀ sí orin inú ìwé. Orin inú Ìwé Orin Mímọ́, èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀ ni wọ́n túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì so ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ ohùn òyìnbó. Orin ìsọjí ní tirẹ̀, ẹnu ló ti jáde: ẹnì kan á dá a, àwọn tó kù á gbè é, àtẹ́wọ́ àti agogo á tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó rò pé ó yẹ ní kíkọ. Àwọn ìyá àgbà ló wà lọ́wọ́ wọn.

Lójú tiwa, ohun tó yà wá lẹ́nu jù níbẹ̀ ni ti Òsì. Òsì yìí ni ìlú Àreògún, ògbóǹtarìgì gbẹ́nàgbẹ́nà tó kú ní 1954, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kárí ayé lónìí. "Òsì-Ìlọrin" ni wọ́n ń pe ìlú náà nínú ìwé wọn, nítorí abẹ́ Ẹkùn Ìlọrin ni ìjọba òyìnbó kó agbègbè wa sí. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ẹgbẹ́ SMA dá iléeṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Fadá Kevin Carroll sì wà níbẹ̀. Ọmọ Àreògún, George Bándélé, wà lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́. Bándélé gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ìjọ. Ẹ gbọ́ ná: ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀kùn ìjọ ti ń sọ Yorùbá tó jinlẹ̀, nígbà tí orin inú ilé ìjọsìn ṣì ń fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá.

Kí ni "fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá" túmọ̀ sí? Thomas Ekúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù ní Kàtídírà Christ Church ní Èkó láti 1914, ló kọ ìwé kan lórí rẹ̀ ní 1953, Yoruba Music. Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ìwé náà ni bí èdè wa àti orin wa ṣe so pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá lọ sókè, ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti sọ nǹkan mìíràn. Gbogbo wa la ti rẹ́rìn-ín rí nínú ìjọ nítorí èyí, tí a fi ìwé orin bo ẹnu. Orin ìsọjí kò ní ìṣòro yẹn. Ẹni tó dá a kò ka ìwé Phillips, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ló di orin.

Ó dáa. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Láàárín àwọn ọdún 1980, iléeṣẹ́ Adobe ní kí Cleo Huggins ya fọ́ǹtì kan tí kò ní A, B, D nínú, àfi nóòtì, kílẹ́ẹ̀fù àti àmì orin yòókù. Sonata ni wọ́n sọ ọ́. Ó túmọ̀ sí pé ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà àwo irin ń lù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ti di ohun tí a lè fi bọ́tìnì tẹ̀. Sọ́fítíwíà Finale jáde ní 1988, fọ́ǹtì tirẹ̀ sì ń jẹ́ Petrucci, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Sibelius, iṣẹ́ àwọn ìbejì Finn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ní 1993 pẹ̀lú fọ́ǹtì Opus. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kálukú ló ń to àmì bó ṣe wù ú. Bọ́tìnì tó gbé kílẹ́ẹ̀fù jáde nínú fọ́ǹtì kan lè gbé nǹkan mìíràn jáde nínú òmíràn. Fọ́ǹtì tuntun kò ṣe é gbé láti ilé kan lọ sí ilé kejì. Owó sọ́fítíwíà náà sì jẹ́ ohun tí akọrin Òsì kò lè fẹnu bà.

Ní 2012, iléeṣẹ́ tó ni Sibelius ti ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe é ní Lọ́ńdọ́nù pa. Steinberg, iléeṣẹ́ Jámánì, gba púpọ̀ nínú wọn síṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Daniel Spreadbury, bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀: ó ya fọ́ǹtì Bravura, ó sì ṣe ìlànà kan tó fún àmì orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí gbogbo fọ́ǹtì lè máa tẹ̀ lé e. SMuFL ni orúkọ ìlànà náà, ó jáde ní 2013. Ó sì fi Bravura sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àwo irin àtijọ́ ló wò ya á, nítorí ẹ̀ ló fi nípọn, tí kò rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti àwọn fọ́ǹtì kọ̀ǹpútà tó ṣáájú.

MuseScore, tí Werner Schweer bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ọ̀fẹ́ ni. Òun ló dé ọ̀dọ̀ wa. Fọ́ǹtì tó ń bá a wá láti 2021 ni Leland, tí wọ́n fi sọrí Leland Smith, ẹni tó ṣe SCORE, ọ̀kan nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ fún títẹ orin. Finale ní tirẹ̀ kógbá wọlé ní oṣù kẹjọ 2024. Ọdún mẹ́rìndínlógójì! Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní fáìlì tó kún àpótí tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é.

Kí a tó máa pariwo kiri, ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́: fọ́ǹtì orin gan-an kì í ṣe wàhálà mọ́. Ẹ ṣí MuseScore, ẹ lọ sí Format, ẹ tẹ Style, ibẹ̀ lẹ ó ti rí àyè tí wọ́n ti ń yan fọ́ǹtì àmì orin. Leland wà níbẹ̀, Bravura wà níbẹ̀, Emmentaler wà níbẹ̀, Petaluma tó dà bí ìwé ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ yàn, ojú ìwé á yí padà lójú yín. Ohun tó ná Petrucci lówó àti àìsùn ti di ìṣẹ́jú kan lórí kọ̀ǹpútà tí a fi jẹnẹrétọ̀ gbé dìde.

Wàhálà wa wà lábẹ́ ìlà márùn-ún, níbi tí ọ̀rọ̀ orin ń jókòó sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. A gba orin ìsọjí mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan ní Odò-Ọwá pẹ̀lú fóònù. A fi MuseScore kọ wọ́n, a sọ wọ́n di olóhùn mẹ́rin, a fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ akọrin kan tó ń bọ̀ láti Èkó wá bá wa ṣe ìkẹyìn ọdún. Lórí kọ̀ǹpútà tiwa, gbogbo àmì ló pé. Ẹni tó gba fáìlì náà fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ṣí i, fọ́ǹtì tí a lò kò sí níbẹ̀, ó rí àpótí kéékèèké onígun mẹ́rin níbi gbogbo tó yẹ kí ẹ̀ àti ọ́ wà. Ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Ó pa gbogbo àpótí rẹ́, ó fi e àti o lásán dípò wọn, ó sì tẹ ìwé náà jáde fún ogójì akọrin.

Nínú orin kejì, "ọ̀wọ̀" wà níbẹ̀. Wọ́n kọ "owo" sí i. Àwọn akọrin Èkó yìí mọ ìlà márùn-ún kà dáadáa, wọn ò sì gbọ́ orin náà rí. Ẹ̀ẹ̀kan náà la gbọ́ ọ tí wọ́n ń yin Ọlọ́run òwò. Òwò ṣíṣe! Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn wò wá. Ẹnì kan ní, "Àwọn ará Èkó náà kẹ̀, kí lẹ rò pé wọ́n máa bá Ọlọ́run sọ?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì wá.

A wá jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí ló dé tí wọn ò kọ "owó"? Nítorí pé nóòtì méjèèjì wà nísàlẹ̀, dò dò. Orin fúnra rẹ̀ ti sọ fún wọn pé kì í ṣe re mí. Kò sí àmì ohùn lórí ìwé, àmọ́ wọ́n mú ohùn náà dáadáa. Ohun tí orin kò lè sọ fún wọn ni bóyá o ni àbí ọ. Òwò àti ọ̀wọ̀, dò dò ni àwọn méjèèjì. Bí orin bá ti bá ọ̀rọ̀ rìn, nóòtì lè gba iṣẹ́ àmì ohùn ṣe. Àmì abẹ́ lẹ́tà, tí wọ́n jà lé lórí títí dé 1875, kò sí nóòtì kankan tó lè gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Fọ́ǹtì nìkan ló lè gbé e.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ìdí tí fọ́ǹtì fi ń já wa kulẹ̀, ibẹ̀ la sì ti rí ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Nínú Unicode, ìwé ńlá tó fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, ẹ àti ọ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àárín lẹ́tà èdè Vietnam ni wọ́n jókòó sí, nítorí pé àwọn náà ń fi àmì sábẹ́ fáwẹ̀lì. Ìdí nìyí tí fọ́ǹtì tó mọ Vietnam kọ fi máa ń ní ẹ àti ọ láìmọ̀ pé Yorùbá wà láyé. Ṣ kò sí nínú ti Vietnam, nítorí náà ẹ máa rí fọ́ǹtì tó kọ "ẹ" dáadáa, tó bá dé "ṣ" á lọ yá a lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn. Lẹ́tà kan á wá nípọn láàárín àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó wọ aṣọ ẹlẹ́gbẹ́jọdá òmíràn wá sóde.

Èyí tó le jù ni ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹyọ méjì ni: ẹ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà àmì ohùn tó ń léfòó lórí rẹ̀. Wọ́n sì ti fi òfin dè é nínú Unicode pé irú lẹ́tà alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní wọlé mọ́. Fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì á jókòó sí. Èyí tó bá mọ̀ ọ́n á gbé e sí àárín gbùngbùn. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n á sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmì ohùn ọ á lọ gun orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Lábẹ́ nóòtì, níbi tí wọ́n ti ń pín ọ̀rọ̀ sí sílébù pẹ̀lú àlàfo, àmì tó léfòó lọ yẹn lè máà mọ ibi tó ń lọ mọ́ rárá.

Fọ́ǹtì tí a wá fi orí tì sí ni Charis SIL àti Gentium, tí àwọn SIL ṣe nítorí irú èdè bíi tiwa, pẹ̀lú Noto Serif ti Google. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ ti Noto díẹ̀: àpótí onígun mẹ́rin tó ń jáde nígbà tí lẹ́tà kò bá sí nínú fọ́ǹtì, "tofu" ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é, nítorí ó jọ wàrà sóyà tí wọ́n gé. Noto, ìyẹn ni pé kò sí tofu mọ́. Kí ẹ tó gba fọ́ǹtì kankan gbọ́, ẹ tẹ èyí sínú rẹ̀: ẹ̀ ẹ́ ọ̀ ọ́ ṣ ǹ ń m̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jókòó dáadáa, ẹ gbé e lọ sínú MuseScore. Nínú Style yẹn kan náà, ẹ wá Text Styles, ẹ wá Lyrics, méjì ni wọ́n, ti ìlà àkọ́kọ́ àti ti ìkejì. Ẹ yí méjèèjì padà. Ẹni tó bá yí ẹyọ kan padà á rí i pé ẹsẹ kìíní orin dára, ẹsẹ kejì kún fún jàǹdùkú. (A mọ̀ ọ́n nítorí pé ó ti ṣe wá.) Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, PDF ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, nítorí pé PDF ń gbé fọ́ǹtì dání. Ìgbà tí ẹni náà bá fẹ́ tún nǹkan ṣe níbẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fún un ní fáìlì, kẹ́ ẹ sì fún un ní fọ́ǹtì pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí sọ́fítíwíà kò mọ̀, àwa la gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n fún un. "Òǹtẹ̀" jẹ́ sílébù mẹ́ta, ò-ǹ-tẹ̀. Ǹ yẹn ní ohùn tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní nóòtì tirẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wò ó á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ò, á sì wá ṣẹ́ku nóòtì kan tí kò ní ọ̀rọ̀ lábẹ́.

Ti àwọn àgbà akọrin wa ńkọ́, àwọn tó ti fi ogójì ọdún ka sọ́fà? Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé ìwé onílà márùn-ún dé, ọ̀kan nínú wọn ní ẹsẹ̀ ẹyẹ ni. Kò purọ́. Ohun tó là wá ni pé SMuFL fi àyè sílẹ̀ fún nóòtì tí wọ́n kọ Do, Re, Mi sínú orí rẹ̀, Bravura sì ní wọn. Nínú MuseScore, ẹ fi máòsì ọwọ́ ọ̀tún tẹ ìlà náà, ẹ wọ Staff/Part Properties, ẹ wọ ibi tí wọ́n ń yan ìrísí orí nóòtì, ẹ mú sọ́fà tí Do rẹ̀ ń tẹ̀ lé kíì. Orí nóòtì kọ̀ọ̀kan á wá gbé orúkọ rẹ̀ dání. Bàbá yẹn wò ó pẹ́. Ó ní, "Ṣé báyìí ló ṣe wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń fi í pamọ́ fún wa?" Ó kọ báàsì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, a pa orúkọ rẹ́ kúrò nínú nóòtì, kò tiẹ̀ fura.

A padà sí Odò-Ọwá pẹ̀lú orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ti fi Charis SIL tún un kọ, àmì kankan kò yẹ̀. A kọ ọ́ fún ìyá náà láti orí ìwé. Ó gbọ́ àkọ́kọ́, ó mi orí. Ó gbọ́ ìkejì, ọ̀wọ̀ jáde bó ṣe yẹ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nínú ìkẹta, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní ká dúró. Ó ní ká tún ibì kan kọ. A tún un kọ. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni "ọ̀nà", a sì ti fi nóòtì àkọ́kọ́ sókè, ìkejì sísàlẹ̀, nítorí pé ó dùn mọ́ àltò lẹ́nu bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ọnà tí wọ́n ń gbẹ́ ní Òsì lẹ ń kọ nípa ẹ̀ ni, àbí ọ̀nà tí a máa gbà lọ?"

A ṣí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, a fa nóòtì náà wálẹ̀.